Bàbá, Ohùn Yín Ń Dúró De Ọwọ́ Wa

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ, Bàbá. Ọdún márùn-ún! A ti rò pé omijé wa ti tán. A ti rò pé kò sí ohun tó tún lè já wa láyà mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yín. Àṣé a kò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin Ìyàndá, ọkọ Mùjíbátù, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí gbogbo ọ̀nà Ìjàyè mọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jíṣẹ́ ilé fún yín, bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún.

Ilé tí ẹ ń kọ́ sí Olódò ti parí. Òjò ọdún tí ẹ lọ gan-an ló wó ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Lateef, àkọ́bí yín, tún un mọ. Òjò ọdún kejì tún wó o, ó tún un mọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gba ilé-ìwé alẹ́ lọ. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á lọ wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù kí wọ́n má baà sán. Páànù tó fi bo orí ilé náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n kò jò. Bàbá, kò jò!

Iṣẹ́ gàrí kò dúró. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣì ń ké lẹ́yìn ilé. Bẹ́líìtì rẹ̀ já ní ọ̀sẹ̀ tí àgbàrá gé ọ̀nà, tí ọkọ̀ kankan kò lè wọlé láti Mọ́níyà. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó jẹrà níṣojú wa. Ìyá wa jókòó tì í, wọ́n fi ọwọ́ lérán, wọn kò jẹ, wọn kò mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú àdá, wọ́n tún gba oko lọ. Safwan, àbíkẹ́yìn yín, ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe báyìí. Ó ti di géńdé, irùngbọ̀n ti hù ú. Ìrìn yín ló ń rìn. Nígbà mìíràn, bó bá ṣẹ́ kọ̀rọ̀ ilé yọ, àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i kí a tó rántí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hasanat ló mú wa gbé gègé lọ́dún yìí. Hasanat, ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń jókòó sí ọwọ́ òsì yín nídìí ẹ̀gẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ ìtàn Àwẹ̀ró? Ìtàn ni ẹ máa ń pè é, ẹ kì í pè é ní àlọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan láìwẹ̀yìn. Ẹ ó máa bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó máa sọ ọ́, èèpo a máa já bọ́ lẹ́sẹ̀ yín. Àwẹ̀ró, ìyá ńlá yín, wà ní Ìjàyè nígbà tí ogun fọ́ ọ. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé agbọ̀n èèbù iṣu rù, ó sá. Ó sá títí ó fi dé oríta. Ọ̀nà kan lọ sí apá Ìbàdàn, níbi tí ogun ti wá, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ń dáko sí. Ọ̀nà kejì lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí èrò ń wọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti dákẹ́. Ẹ ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ẹ ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ní, “Níbo ni kí ó gbà?”

Bí a kò bá dáhùn, ẹ kò ní tẹ̀ síwájú. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń tòògbé, ẹ kò ní tẹ̀ síwájú. A ó ké pé ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Ìbàdàn! A mọ̀ pé ọ̀nà Ìbàdàn ló bí wa. Kò sí èyí tó yan ọ̀nà kejì rí nínú wa. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ó ń ṣe wá bí ẹni pé, bí a bá fi lè yàn án, a ó pòórá nídìí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀.

Lọ́dún tí àìsàn dá yín wólẹ̀, Hasanat gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní yín, ó bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ ìtàn náà. Ó ní kí ẹ sọ ọ̀nà méjèèjì. Àwa rò pé ó kàn fẹ́ mú ara yín yá gágá ni. Ó gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ẹ sọ lójú ọ̀nà kejì fún ẹnikẹ́ni.

Alakia ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òun àti Ṣeunfúnmi ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọmọ tíṣà ni Ṣeunfúnmi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká nínú àwòrán yíyà. Hasanat sọ fún un pé òun fẹ́ ṣe ìwé kan tó yàtọ̀. Ó ní ìwé orí bébà, bó ti dára tó, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ lọ láìbojúwẹ̀yìn. Bí olùkà bá sùn, kò kàn án. Ìwé tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa kà, ó gbọ́dọ̀ lè dúró. Ó gbọ́dọ̀ bi olùkà léèrè ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ olùkà sì dá a lóhùn. Ṣeunfúnmi ní àwọn òyìnbó ti ń ro irú rẹ̀ tipẹ́. Hasanat rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa rò ó lọ, nídìí ẹ̀gẹ́ bàbá òun ni òun ti rí i.

Láti inú ọyẹ́ títí di àkọ́rọ̀ òjò ni wọ́n fi ṣe é. Ṣeunfúnmi ya Ìjàyè tó ń jó, ó ya Àwẹ̀ró, ó ya oríta. Hasanat to ohùn yín sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń to ẹyin sínú igbá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé e wálé nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ̀ bíi sìlétì àtijọ́. Ó gbé e lé orí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Ìyá wa, ó pe gbogbo ará ilé. Ó tàn án. Ojú yín yọ! Ojú yín gan-an, Bàbá! Ó kún gíláàsì náà dẹ́múdẹ́mú, pẹ̀lú fìlà tí ẹ máa ń dé lọ sí Jímọ̀, àti àpá kékeré tó wà létí ojú yín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Fọwọ́ kàn mí, kí ìtàn bẹ̀rẹ̀.”

Ẹnu yà wá. Àwọn kan kí yín. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n gbé e fún ẹni tó kàn. Ẹni yẹn náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní àwòrán náà jọ yín, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ojú náà. Hasanat ń wò wọ́n. Ó rò pé bóyá wọn kò rí ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó kà á sókè fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́.

Ṣé ìwé náà ò wù wọ́n ni? Ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀? Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì fi ìka kàn yín gbàgà láàárín ojú méjèèjì.

Ariwo sọ. Ìyá wa gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Hasanat, ojú bàbá ẹ lo fi ìka gún yẹn?”

“Ìyá mi, àwòrán ni.”

“Ṣé àwòrán ò lójú ni? Ojú ló fi ń wò mí yìí. Nígbà tí wọ́n wà láyé, mi ò na ìka sí wọn rí, bó ti wù kí inú bí mi tó. Ìgbà tí wọ́n wá kú tán ni n óò máa gún wọn lójú?”

Bàbá, Hasanat mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò tíì tọ́ka sí àgbàlagbà lójú rí láti kékeré. Ẹ̀yin ló kọ́ ọ. Síbẹ̀ ó ti ṣe ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí láìfi bàbá rẹ̀ wọ́lẹ̀! Gbogbo ìwé orí ẹ̀rọ tó ti rí níbi iṣẹ́, ojú ènìyàn ni wọ́n ń fọwọ́ kàn níbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sínú àpò, ó pa dà sí Alakia, kò jẹ oúnjẹ tí Ìyá wa bù fún un.

Ṣeunfúnmi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní bó bá ṣe pé ìyá tòun ni wọ́n gbé e fún, wọn ì bá ti fọ́ ọ mọ́ òun lórí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ro ohun tí àgbà àti ọmọdé lè fọwọ́ kàn láìsí àbùkù. Hasanat tún ohùn yín gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbì kan, ẹnì kan kàn wá kí yín, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ké àgò. Ẹ dá ìtàn dúró, ẹ dá a lóhùn. Hasanat ti gé ibẹ̀ dà nù tẹ́lẹ̀, pé kò sí lára ìtàn. Ó sáré wá a padà.

Nígbà tó tún padà wálé, ojú yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé wa gan-an, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, tí ẹ fi okùn iná so ọwọ́ rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá wa nìkan ló gbé e fún, níbi tí wọ́n ti ń ku gàrí nínú ọgbà. Ìyá wa ní, “Ilẹ̀kùn wa rèé.” Hasanat ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n nu ọwọ́ ọ̀tún wọn mọ́ ìró, wọ́n kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó ti mọ́ wọn lára, wọ́n ní, “Àgò o.”

Ẹ sì dáhùn! Bàbá, ẹ dáhùn! “Àgò yà o. Ẹ wọlé. Ẹ bá wa níbi ìtàn.”

Ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá wa, gàrí dà sílẹ̀. Wọn kò wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n yí padà, ilẹ̀kùn ilé ni wọ́n wò, ilẹ̀kùn tòótọ́, bí ẹni pé ẹ fẹ́ ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gàrí, wọ́n sì bú sẹ́kún débi pé àwọn ará oko ẹ̀gbẹ́ wa sáré dé, wọ́n rò pé ẹnì kan ti tún kú.

Ẹkún yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ dé etí ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Sàníù.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kì í pariwo. Wọ́n dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí Hasanat wá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó fi ohùn àbúrò àwọn sínú ẹ̀rọ, pé wọ́n ń kàn án, ó ń dáhùn. Hasanat fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“A sin Ìyàndá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kírun sí i lára, a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A kì í tún máa kan ilẹ̀kùn òkú kó máa dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ ìrántí, lẹ́yìn àdúà, lójú gbogbo wa, wàá pa á rẹ́.”

Ó bi wọ́n bóyá kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣèlérí pé kò ní fi ẹ̀dà kankan pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Hasanat kúnlẹ̀, ó ṣèlérí. Ẹ mọ ọmọ yín; bó bá ti ṣèlérí, ó ti parí. Ohùn yín yóò parẹ́ láyé, òun ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, èyí tí àwa kò mọ̀ nígbà náà. Ẹ ti dárúkọ Bàbá Sàníù lójú ọ̀nà kejì. Ó lè sọ ọ́ fún wọn. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá sọ ọ́ báyìí, yóò dà bí ẹni pé òun ń fi ọ̀rọ̀ òkú dẹ́rù ba àgbàlagbà. Ó gbé e mì.

Ọjọ́ ìrántí pé. Àwọn àlùfáà ṣe àdúà, wọ́n jẹ sàárà, wọ́n lọ. A kírun Àsárì tán. Gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hasanat gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ nígbà tí Ìyá wa kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Sàníù.

Wọ́n ní, “Bàbá, èmi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kì í dájọ́ ẹni tí a ò gbọ́ tẹnu ẹ̀.”

Bàbá Sàníù ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Hasanat kò gbọdọ̀ la ẹnu, nítorí kò sí ẹni tí ń ta ẹ̀kọ tí yóò ní ẹ̀kọ òun kan.

Hasanat gbé e lé wọn lórí ẹsẹ̀. Bàbá Sàníù ṣí fìlà, wọ́n gbé fìlà sílẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Àgò yà o. Ẹ wọlé. Ẹ bá wa níbi ìtàn.”

Ọ̀pá wọn ṣubú. Safwan fẹ́ mú un, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀. Ojú wọn kò kúrò lórí gíláàsì náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn, Bàbá. Ohùn yín jáde pẹ̀lú ikọ́ tó ń dà yín láàmú lọ́dún náà. A gbọ́ bí ẹ ti ń mí. Ìjàyè ń jó níwájú wọn. Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó gbé agbọ̀n, ó sá. Bàbá Sàníù ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ètè wọn ń lọ, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀lé yín láìjẹ́ kó jáde. Nígbà náà ni oríta yọ, ọ̀nà méjì, ẹ sì ní, “Níbo ni kí ó gbà?”

Ẹ dákẹ́.

Ẹ̀yin ń dúró, àwa náà ń dúró. Bàbá Sàníù ní, “Ọ̀nà Abẹ́òkúta.”

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó yàn án rí! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, kò sí ẹni tó yàn án rí.

Ẹ kò sọ nǹkan kan. Bàbá Sàníù tún sọ ọ́ sókè díẹ̀. Ẹ kò dáhùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Kò gbọ́ mi.” Hasanat fẹ́ dáhùn, ó rántí, ó pa ẹnu dé. Ìyá wa ló dáhùn, wọ́n ní ohùn kọ́ ni ẹ ń dúró dè, ọwọ́ ni.

Ìka Bàbá Sàníù dé òkè gíláàsì náà. Ó kọ́kọ́ yà sí apá Ìbàdàn. Hasanat di etí ìró rẹ̀ mú, ó fún un pọ̀. Bí wọ́n bá tẹ ìyẹn, ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni wọn yóò gbọ́, yóò parí, òun yóò sì pa á rẹ́. Ìka náà dúró. Lẹ́yìn náà ló rọra kọjá sí apá kejì, ó sì bà lé e.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ̀rín yín la kọ́kọ́ gbọ́! Ẹ ní, “Ta ló yan èyí? Ẹ̀gbọ́n mi Sàníù nìkan ló máa ń yan ọ̀nà yìí. Bí ìyá wa bá ń sọ ọ́ fún àwa méjèèjì, èmi a ní Ìbàdàn, àwọn a ní Abẹ́òkúta. Alágídí ni wọ́n láti kékeré.”

Bàbá Sàníù la ẹnu sílẹ̀, wọn kò pa á dé. Ẹ ń bá ìtàn lọ. Àwẹ̀ró tẹ̀lé èrò, ebi pa á, kò jẹ èèbù rẹ̀. Ó rìn títí ó fi dé etí odò Ògùn, omi kún dé bèbè, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló kù. Ibẹ̀ ni ohùn yín ti rẹ̀. Ẹ ní, “Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí. Oorun ló máa ń gbé mi lọ kí ìyá wa tó parí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn. Ẹ bi wọ́n. Ọwọ́ wọn ni ìyókù wà.”

Omi odò nìkan ló kù lójú gíláàsì. Kò sí ilẹ̀kùn mọ́, kò sí ọ̀nà mọ́, kò sí ibi tí ọwọ́ lè tẹ̀.

Bàbá Sàníù gbé ojú kúrò lára gíláàsì náà. Wọ́n yíjú sí Hasanat.

“Ìwọ lo fi sí i lẹ́nu?”

“Rárá, Bàbá. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́.”

“O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀.”

Ìyá wa yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká wọn ń mì, a kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Bàbá Sàníù fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú gíláàsì náà, bí ẹni ń nu ojú ọmọdé. Wọ́n ní ṣé ẹ̀rọ yìí lè gba ohùn ẹlòmíràn. Hasanat ní ó lè gbà á. Wọ́n ní kó súnmọ́ àwọn, kó fi ibi tí àwọn yóò sọ ọ́ sí han àwọn.

Bàbá, wọ́n sọ ọ́! Ẹ̀gbọ́n yín tí ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn, wọ́n sọ ọ́ dé òpin. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ sọ fún Àwẹ̀ró pé ọkọ̀ kò lè gba ọmọ kó tún gba agbọ̀n. Ó da èèbù rẹ̀ sí etí odò, ó gbé ọmọ rẹ̀ kọjá. Ó dé Abẹ́òkúta lọ́wọ́ òfìfo, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó bí àwọn ọmọ mìíràn. Ìyá yín ní àwọn ọmọ yẹn náà wà níbì kan títí di òní, wọ́n jókòó yí àgbà wọn ká, àgbà náà sì ń bi wọ́n pé bó bá ṣe pé ọ̀nà Ìbàdàn ni Àwẹ̀ró gbà ńkọ́. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn náà láti yàn án.

Àwa tí a ti ń sá fún ọ̀nà yẹn láti kékeré, àwa náà ni àwọn kan ń sá fún!

A rò pé wọ́n ti sọ ọ́ tán. Hasanat na ọwọ́ pé kó pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n sún ẹnu mọ́ gíláàsì náà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní sọ̀rọ̀.

“Ìyàndá, bó ṣe parí nìyẹn. Sùn báyìí.”

Kò sí ẹni tó rántí bá Hasanat sọ̀rọ̀ pípa ohunkóhun rẹ́ mọ́. Bàbá Sàníù mú fìlà wọn, wọ́n gbàgbé ọ̀pá, wọ́n lọ sílé.

Ìwé náà ti jáde báyìí, Bàbá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Alakia àti Olódò ń kan ilẹ̀kùn yín, ẹ sì ń ní kí wọ́n wọlé. Hasanat sọ fún wa pé ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Ohùn yín ni yóò mú wọn dé etí odò, ohùn ẹ̀gbọ́n yín ni yóò mú wọn sọdá. Ṣeunfúnmi ní bí ìwé ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí nìyẹn, ìwé tí ẹni tó ń bọ̀ lè fi ohùn tirẹ̀ kún. Ìyá wa ní àwọn ò mọ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Àwọn kàn mọ̀ pé bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Bàbá Sàníù á dé, wọ́n á ní kí wọ́n gbé àbúrò àwọn wá.

Kí Ọlọ́run fẹ ilé yín lójú nínú Àlùjánnà, kó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kó dárí ohun tí ẹ mọ̀ àti èyí tí ẹ ò mọ̀ jì yín. Ìyá wa ní kí a kí yín. Lateef kí yín, Hasanat kí yín, Safwan kí yín. Àárò yín kò dín kù nílé yìí, ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn wa. A fẹ́ràn yín, Bàbá. A fẹ́ràn yín ju bí a ti lè sọ nígbà tí ẹ wà láyé.